Ẹ̀yin Onífèrèsé Inú Bàálù

Tẹ́lẹ̀, bí ọmọ Yorùbá tó ń gbé Àbújá bá fẹ́ lọ ṣe ìnáwó l'Ékòó, ohun tó máa ń bèèrè ni iye tí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́, àti bóyá bàálù á gbéra lónìí àbí ó dọ̀la. Ní báyìí, "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ wo ni kí n jókòó sí tí màá fi rí nǹkan wò?" ló kù. Ìrìnàjò nǹkan bíi wákàtí kan péré o! Ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì láti Nyanya lọ sí Wuse, nínú Àbújá kan náà, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ní bèèrè ọwọ́ tó dára.

Àwọn onífèrèsé ti ní ọ̀mọ̀wé tiwọn. Wọ́n á ní A lọ́wọ́ òsì, F lọ́wọ́ ọ̀tún. Bó bá jẹ́ àárọ̀ lò ń lọ Èkó, sá fún A, oòrùn á máa gún ọ lójú. Má jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ apá bàálù, àfi tó bá wù ọ́ láti wo irin dé Ìkẹjà. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìran tí wọ́n ń torí ẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu ni n ò rí.

Wọ́n ní Àpáta Zuma. Àríwá pápákọ̀ òfurufú Àbújá ni Zuma wà, Èkó sì wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ìdí ni bàálù kọ sí àpáta náà. Bó bá jẹ́ Zuma lo fẹ́ rí, fa ọgọ́rùn-ún náírà àtijọ́ yọ kí o yí i padà. Láti 1999 ni Bàbá Awólọ́wọ̀ ti wà níwájú tí Zuma wà lẹ́yìn, tí ẹ ń rún un mọ́ kọ̀ńdọ́ bọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Lọ́dún 2017, tí wọ́n ti ojú ọ̀nà bàálù Àbújá pa fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti tún un ṣe, Kàdúná ni wọ́n ń balẹ̀ sí, tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀sì kó èrò wálé. Zuma fúnra rẹ̀ dúró lẹ́bàá títì, lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ló ráyè fọ́tò? Ajínigbé ni kálukú ń ṣọ́ nínú igbó.

Wọ́n tún ní Odò Ọya. Ó dáa, bàálù ń gba orí rẹ̀ kọjá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, tí eruku aṣálẹ̀ bá ti dé, gbogbo ìsàlẹ̀ á dà bí omidùn ògì. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ìkùukùu á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ eruku.

Wọn kì í kúkú wo ìta. Kí bàálù tó gbéra, onífèrèsé ti ya fọ́tò apá bàálù, ó ti ya ti bàtà rẹ̀, ó ti ya ti ọrùn ọwọ́ tí aago wà. Bí a bá ti dókè, á fa fèrèsé dé, á fi orí tì í, ó di họ̀ọ̀n. Bí màmá onígèlè tó wà láàárín bá ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ṣí i díẹ̀ kí n rí bí ayé ṣe rí," á ní, "Ẹ má bínú, Mà, oòrùn ni."

Aládùúgbò mi kan ní Kubwa ló wù mí jù. Ìrọ̀lẹ́ la jọ ń lọ Èkó. Ọwọ́ òsì, ṣáájú apá; ó tẹ̀lé ìmọ̀ràn àwọn ọ̀mọ̀wé, ó sì fowó lé e. Ó débẹ̀, ògiri ló bá. Àwọn Boeing 737 kan ò ní fèrèsé níbẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pá afẹ́fẹ́ tútù gbà gòkè.

"Àǹtí, fèrèsé mi dà?"

"Síìtì lẹ rà, sà," ni òṣìṣẹ́ inú bàálù fèsì.

Ó kọjú sí ògiri títí a fi balẹ̀. Kò pẹ́ tá a dé Ìkẹjà, mo ṣí WhatsApp, ó ti gbé fọ́tò síbẹ̀: apá bàálù rèé, odò ń dán gbinrin lábẹ́ rẹ̀. Nínú Oṣù Kìíní! Àwọn èèyàn ti ń kí i lábẹ́ ẹ̀. Èmi náà kí i: "Ọlọ́run á máa gbé yín ga sí i, sà."