Ṣé inú àbá supersymmetry ni R-parity ti wá, àbí wọ́n fi kún un ni?

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye. Wọ́n kọ́ wa pé nínú supersymmetry (àbá pé gbogbo èérún, ẹ̀yà tíntìntín tí nǹkan fi wà, ní ìkejì kan), R-parity, àmì tí wọ́n fún èérún kọ̀ọ̀kan, jẹ́ +1 fún gbogbo èérún tí a ti mọ̀, ti ìkejì wọn tí a kò tíì rí sì jẹ́ −1, àti pé bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀ ṣáájú ìkọlù àti lẹ́yìn rẹ̀, iye kan náà ni a ó rí. Farrar àti Fayet, àwọn onímọ̀ físíìsì, gbé e kalẹ̀ ní 1978. Ṣé inú àbá náà fúnra rẹ̀ ni òfin yìí ti jáde, àbí wọ́n fi kún un kí pírótọ́nù (èérún inú ọkàn átọ́mù) má baà jẹrà, kó túká di èérún mìíràn, ni?

Ará Kétu: Kò sí ẹni tó tíì rí pírótọ́nù tó jẹrà. Ní Japan, láti 1996 ni wọ́n ti ń ṣọ́ omi 50,000 tọ́ọ̀nù nínú Super-Kamiokande, ẹ̀rọ ìṣọ́ èérún tó wà lábẹ́ ilẹ̀, wọn kò sì tíì rí ẹyọ kan tó dá wọn lójú pé ó kú. Ẹ̀rí R-parity nìyẹn.

Olùkọ́ Ṣábẹ̀ẹ́: Àbúrò, ẹ̀rí kọ́ nìyẹn. Kí pírótọ́nù tó lè jẹrà nínú supersymmetry, ó di dandan kí a rú òfin pé iye baryon (èérún bíi pírótọ́nù) kì í yí padà, àti ti iye lepton (èérún bíi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù) pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì ni a rú, R-parity ti bàjẹ́, pírótọ́nù sì wà níbẹ̀ gbọnin.

Ará Kétu: Ẹ̀gbọ́n, bí R-parity bá dúró, méjì méjì bí ìbejì ni àwọn ìkejì yẹn ń jáde, èyí tó fúyẹ́ jù nínú wọn kò sì rí nǹkan tí yóò dà, nítorí náà ó wà títí. Òun ló lè jẹ́ ohun àìrí tí òòfà rẹ̀ so àwọn agbo ìràwọ̀ pọ̀. Bí ẹ bá ba òfin náà jẹ́, kí lẹ ó fi rọ́pò rẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Ìbejì kọ́ o! Squark kan (ìkejì quark, èérún inú pírótọ́nù) lè bá gluino kan (ìkejì gluon, èérún tó so àwọn quark pọ̀) jáde, wọn kò sì jọra rárá.

Ará Kétu: Ìyá wa, Táyéwò lè jẹ́ ọkùnrin kí Kẹ́hìndé jẹ́ obìnrin, ìbejì ṣáà ni wọ́n.

Àlejò Ìpóbẹ̀: N kò ka ọ̀rọ̀ yín tán, ṣùgbọ́n CERN, ilé ìwádìí èérún ní Yúróòpù, rí èérún Higgs ní 2012, kò sì rí ìkejì kankan títí di òní. Kí la tún ń jà sí?

Olùkọ́ Ṣábẹ̀ẹ́: Ohun tí à ń wá ni ìjà wà fún. Bí R-parity bá dúró, èyí tó fúyẹ́ jù yóò sá kọjá láìfọwọ́ kan ẹ̀rọ, a ó kàn rí i pé agbára kan sọnù nínú ìṣirò. Bí kò bá dúró, yóò túká sí èérún tí a mọ̀, ibòmíràn la ó sì máa wò.

Ará Kétu: Mo tún un sọ: OMI 50,000 TỌ́Ọ̀NÙ! Ẹ̀mí pírótọ́nù ju ọdún tí a kọ 1 tí òdo 34 tẹ̀lé e lọ. Kí ló tún ń dáàbò bò ó?

Olùkọ́ Ṣábẹ̀ẹ́: Òfin iye baryon nìkan tó o, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ lókè.