Ẹ fi Kiermaier sílẹ̀ jàre!

Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀! Mo kàn ní Kevin Kiermaier, ọkùnrin tó máa ń ṣọ́ ẹ̀yìn pápá nínú baseball Amẹ́ríkà, wù mí, kíá, ẹnìkan ti já lu ọ̀rọ̀ mi: "àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n fi igi gbá bọ́ọ̀lù o." Ta ló bi yín? Gbogbo ìgbà! Tẹ́ ẹ bá kú, ṣé ohun tẹ́ ẹ máa sọ fún Ọlọ́run náà nìyẹn? Ọkùnrin tí wọ́n mú ní ráúndì 31 nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń yan ọmọ tuntun lọ́dún 2010, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ti kọjá níwájú ẹ̀, òun ló padà wá gba Gold Glove, àmì ẹ̀yẹ ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù já gbà jù, lẹ́ẹ̀mẹrin, ṣé wọ́n fi ta á lọ́rẹ ni? Ẹ lọ wo eré tí wọ́n gbá ní Baltimore ní 2015, Manny Machado tó wà lẹ́gbẹ́ kejì gbá bọ́ọ̀lù, ó ti ń ré kọjá ògiri lọ, gbogbo èèyàn ti gbà pé home run ni, pé Machado ti gba àmì, àfi bí Kiermaier ṣe fò sókè bí ológbò tó rí ẹja, apá ẹ̀ ga ju ògiri lọ, ló bá já a gbà lójú òfurufú! Èmi tí mò ń wò ó lórí fóònù, díẹ̀ ló kù kí n ju fóònù nù. Ọmọ tó bá ṣípá là á gbé, èyí ṣípá títí kan sánmà, ẹ ò gbé e! Ẹgbẹ́ Rays tó ń gbá fún nígbà yẹn, tó fún un ní àdéhùn mílíọ̀nù 53.5 dọ́là ní 2017, ṣé orí wọn ló dàrú? Kó tún wá máa fọṣọ fún yín ni? Ó fẹ̀yìntì ní 2024, ẹgbẹ́ Dodgers tó wà gba World Series, ife-ẹ̀yẹ tó ga jù nínú baseball Amẹ́ríkà, ẹ̀yin ṣì jókòó, ẹ ń ka iye tó gbá. Mi ò jiyàn mọ́, mo ti lọ sùn.