Hello Games: ṣé àtúnṣe ti pa irọ́ rẹ́ ni?

wale_ps4: Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí jọ̀ọ́. Gbogbo ibi tí mo bá yà sí báyìí ni wọ́n ti ń yin Hello Games, àwọn ará Guildford ní England tó ṣe No Man's Sky, géèmù tí èèyàn ti ń fi ọkọ̀ òfuurufú rìn kiri láti pílánẹ́ẹ̀tì dé pílánẹ́ẹ̀tì, àfi bíi pé áńgẹ́lì ni wọ́n. Ṣé a ti gbàgbé August 2016 ni? Sean Murray tó jẹ́ ọ̀gá wọn sọ ọ́ káàkiri pé èèyàn lè pàdé ẹlòmíì nínú géèmù yẹn, ọjọ́ tó jáde gan-an àwọn méjì dé ojú kan náà lórí pílánẹ́ẹ̀tì kan náà, wọn ò rí ara wọn! 60 dọ́là ni wọ́n tà á o. Irọ́ ni irọ́ ń jẹ́.

iya_gamer: Wale, o ò parọ́, àmọ́ ìdajì ìtàn lo sọ. Àwọn mẹ́rin péré ló dá a sílẹ̀ ní 2008, Murray, Grant Duncan, Ryan Doyle àti David Ream. Kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá tó fẹ́ gbé Joe Danger wọn jáde, Murray ta ilé ẹ̀ kí géèmù yẹn tó jáde ní 2010. Ilé o! Torí géèmù alùpùpù!

Bobo_Ijebu: Èmi ò ní ta ilé kankan o 😂😂

koodu_lasan: Pílánẹ́ẹ̀tì inú géèmù yẹn lé ní 18 quintillion, ìyẹn 18 tó ní òdo méjìdínlógún lẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó jókòó tó ń yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kóòdù ló ń mú nọ́ńbà kan tó fi ń ṣírò òkè, ewéko, ẹranko, àwọ̀ ojú ọ̀run, tó o bá kúrò níbẹ̀ á pa á rẹ́, tó o bá padà dé á tún un ṣírò, á sì rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí bí èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè ṣe é nìyẹn. Àmọ́ kóòdù tó ń ṣírò òkè kọ́ ló máa jẹ́ kí èèyàn méjì ríra wọn, ìyẹn iṣẹ́ sáfà ni, kọ̀ǹpútà tó ń so àwọn tó ń gbá géèmù pọ̀, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ gbáà. Omi tún ya wọ ọ́fíìsì wọn nígbà tí Kérésì 2013 ku ọ̀la, ó ba ọ̀pọ̀ nǹkan jẹ́. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Sony, àwọn tó ni PlayStation, gbé wọn sórí pèpéle E3, ìpàtẹ géèmù ńlá nì, ní 2014, ni wọ́n bá ń polówó iṣẹ́ èèyàn díẹ̀ bíi ti ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ.

wale_ps4: Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ ti omi. Ṣé omi ló ní kí Murray máa sọ̀rọ̀ ni? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tí nǹkan ò bá tíì sí, kó sọ pé kò tíì sí. Mo ṣì ń gbá géèmù yẹn títí dòní o, kì í ṣe ìkórìíra.

iya_gamer: Ṣebí wọ́n lè kó owó yẹn sápò kí wọ́n sá lọ? Wọ́n dákẹ́, gbogbo ayé ń bú wọn, ìgbà tó di November 2016 àpdéètì tí wọ́n pè ní Foundation jáde, o lè kọ́lé sórí pílánẹ́ẹ̀tì. 2017 mọ́tò dé. July 2018 àpdéètì NEXT dé, ẹ wá ń ríra yín dáadáa. 2019, VR, ìyẹn awò tí wọ́n ń dè mójú bíi pé èèyàn wà nínú géèmù. Mi ò san kọ́bọ̀ lé e! Lórí Steam, ọjà géèmù orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti bú u bí ẹní bú olè, November 2024 ló padà di Very Positive, ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń yìn ín. Kí ẹ wá wo géèmù bọ́ọ̀lù tí ẹ ń tún rà lọ́dọọdún, kí ló ń yí padà níbẹ̀ ju jẹ́sì lọ?

Bobo_Ijebu: Kọ́bọ̀ kẹ̀, àǹtí, ta ló ń ra dátà tí àpdéètì ń jẹ 😭

alatako1: Ọ̀fẹ́ yẹn ni mi ò gbà. Owó 2016 yẹn ló ń bọ́ wọn, àti pé gbogbo ìgbà tí àpdéètì bá jáde ni àwọn tuntun ń wá rà á, ọjà ni wọ́n ń tà, ẹ má pè é ní sàráà. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn míì ti rí i pé èèyàn lè gbé ọbẹ̀ tí ò jinná síta, gbowó, kó wá máa sè é lọ. Géèmù Cyberpunk 2077 ti ilé-iṣẹ́ míì ní December 2020 ńkọ́, tí Sony yọ kúrò lórí igbá? Tó bá jẹ́ àwọn ọmọ kan ní Yábàá ló ṣe No Man's Sky tó rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣé ẹ máa dúró dè wọ́n di 2018? Ẹ máa ní yàhú ni wọ́n!

koodu_lasan: Ti Yábàá yẹn, òótọ́ ni, mi ò lè jiyàn ẹ̀. Àmọ́ àwọn èèyàn fẹjọ́ ìpolówó wọn lórí Steam sun ASA, àjọ tó ń rí sí ìpolówó ní ìlú ọba, wọ́n wádìí ẹ̀, wọ́n ní kò rúfin. Láti 2016 wọn kì í sábà dárúkọ àpdéètì mọ́ àfi tó bá kù díẹ̀ kó jáde.

wale_ps4: Light No Fire, géèmù wọn míì, ńkọ́? December 2023 wọ́n tún gun pèpéle Game Awards, ayẹyẹ àmì-ẹ̀yẹ géèmù, wọ́n ní pílánẹ́ẹ̀tì kan tó tóbi tó ayé yìí, gbogbo èèyàn á jọ wà níbẹ̀. Ẹnu ọjọ́sí náà nìyẹn!

iya_gamer: Wọ́n fi hàn ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n padà sídìí iṣẹ́. Kí lo tún fẹ́?

alatako1: Kí wọ́n ṣe é tán. Mi ò ní rà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ wò ó bóyá ẹ máa ríra yín.

iya_gamer: Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni màá rà á. Owó mi ni.