Kì í ṣe 1.618 Ló Ń Mú Àwòrán Rẹwà

Ẹnìkan tún fi fídíò yẹn ránṣẹ́ lórí WhatsApp lánàá: wọ́n fi ìlà tó ká kò bí ìkarahun ìgbín lé ojú Mona Lisa, àwòrán obìnrin tí Leonardo da Vinci yà, wọ́n ní golden ratio, ìyẹn kí apá tó gùn jẹ́ ìlọ́po 1.618 apá tó kúrú, ni àṣírí ẹwà rẹ̀, pé kò sí àwòrán olókìkí tí kì í tẹ̀lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ó ti tó gẹ́ẹ́.

Iṣẹ́ férémù ni mo ń ṣe. Kí n tó gé pákó, mo gbọ́dọ̀ fi teèpù wọn òró àti ìbú àwòrán. Káńfáàsì tí wọ́n ń gbé wá bá mi, ínǹṣì 16 sí 20 ló pọ̀ jù, tàbí 18 sí 24, tàbí 24 sí 36. Ẹ fi èyí tó kéré pín èyí tó tóbi: 1.25, 1.33, 1.5. Mi ò rántí oníbàárà kankan tó gbé 1.618 wá, bẹ́ẹ̀ mo ti ṣe férémù fún àwọn iṣẹ́ tó jẹ́ pé ṣe ni mo dáwọ́ dúró tí mo ń wò wọ́n.

Gustav Fechner, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Jámánì, ni àwọn tó gba 1.618 gbọ́ máa ń fi ṣe ẹlẹ́rìí. Ó kó onígun mẹ́rin lóríṣiríṣi síwájú àwọn èèyàn, èyí tó bá 1.618 mu ni wọ́n sì mú jù. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ọkùnrin yìí kan náà kó ìwọ̀n àwòrán tó lé ní 10,000 jọ láti gálárì 22 nílẹ̀ Yúróòpù, ó ṣírò wọn, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 1876. Àwọn tó ga ju bí wọ́n ṣe fẹ̀ lọ sún mọ́ 5 sí 4. Àwọn tó fẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ga lọ sún mọ́ 4 sí 3. 1.25 àti 1.33 nìyẹn, ìwọ̀n káńfáàsì ṣọ́ọ̀bù mi gan-an! Ní 1999, olùwádìí kan, Agata Olariu, ṣírò ìwọ̀n àwòrán 565 nínú iṣẹ́ àwọn ọ̀gá ayàwòrán. Ìpíndọ́gba rẹ̀ já sí 1.34. Mona Lisa fúnra rẹ̀ ńkọ́? Sẹ̀ǹtímítà 77 sí 53: 1.45.

Wọ́n á ní inú àwòrán ló wà, kì í ṣe etí rẹ̀. Mo ti gbé ìlà yẹn lé àwòrán lórí kọ̀ǹpútà rí. Ẹ fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó kan imú. Ẹ sún un sápá òsì, ó kan ìka ọwọ́. Ìlà tó ń kan ibi tó bá ṣáà ti wù yín, ẹ̀rí kí ni?

Ó dáa, Birth of Venus tí Botticelli yà sún mọ́ ọn: sẹ̀ǹtímítà 172.5 sí 278.5, 1.61. Ṣùgbọ́n òun náà ló ya Primavera, 203 sí 314, tó já sí 1.55. Ta ló fẹ́ sọ fún mi pé ìyẹn kò rẹwà?