Ẹṣin Ò Bá Idà Kú

Ó ti sú mi kí n máa gbọ́ pé ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ìbọn lọ́pọ̀ yanturu ni iṣẹ́ ẹlẹ́ṣin parí lójú ogun. Fíìmù ló ń tan ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀: idà lókè, fèrè ń dún, eruku sọ lálá. Ìyẹn ló parí o. Ẹṣin fúnra rẹ̀ ṣì níṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe, ẹ sì wo ogun abẹ́lé tí Àríwá àti Gúúsù Amẹ́ríkà bá ara wọn jà, 1861 sí 1865.

Ìbọn àtijọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ba ẹni tó bá jìnnà ju nǹkan bí 100 yáàdì lọ. Èyí tuntun ń pani láti 300 yáàdì. Ẹni tó bá gun ẹṣin bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán ti di ẹran ìgbẹ́ kí idà rẹ̀ tó wúlò. Àwọn ará Amẹ́ríkà tètè gbọ́n. Ẹṣin á gbé wọn débi ìjà, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀. Nínú ẹni mẹ́rin, ẹnì kan á di ìjánu ẹṣin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú lẹ́yìn, àwọn mẹ́ta yòókù á lọ yìnbọn. Bí John Buford, ọ̀gágun Àríwá, ṣe dá àwọn ará Gúúsù dúró nílùú Gettysburg nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ 1 oṣù Keje 1863, títí àwọn ológun ẹlẹ́sẹ̀ fi dé.

Ṣùgbọ́n Benjamin Grierson ni tèmi. Olùkọ́ orin tó ń jà fún Àríwá ni. Ẹṣin ti ta á nípàá lójú ní kékeré, kò sì fẹ́ràn ẹṣin mọ́. Òun náà ni wọ́n wá fi ṣe ọ̀gá ẹlẹ́ṣin! Ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin 1863 ló kó 1,700 èèyàn kúrò ní La Grange ní Tennessee, ó gba àárín ìpínlẹ̀ Mississippi kọjá nínú ilẹ̀ ọ̀tá. Lọ́nà, ó dá àwọn aláìsàn padà, kí ẹni tó bá rí ipasẹ̀ wọn lè rò pé gbogbo wọn ló ti lọ sílé. Àwọn kan ń ṣáájú pẹ̀lú aṣọ ọ̀tá lọ́rùn.

Ọjọ́ 24, wọ́n dé Newton Station, níbi tí ojú irin tó ń bọ́ Vicksburg, ìlú olódi Gúúsù létí odò Mississippi, gbà kọjá. Wọ́n lúgọ títí ọkọ̀ ojú irin fi wọlé, wọ́n mú un, wọ́n tún mú èkejì. Nígbà tí wọ́n dáná sun ún, ọta àgbá inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù gbàmù. Grierson tó ń bọ̀ lẹ́yìn rò pé ìjà ti bẹ́, ló bá sáré dé, àfi iná tó ń jó. Wọ́n ká irin ojú ọ̀nà, wọ́n fi iná tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ. Ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ni wọ́n wọ Baton Rouge tó wà lọ́wọ́ Àríwá, ẹni mẹ́ta péré ló kú nínú wọn. Bí ọ̀tá ṣe ń wá wọn kiri ni Grant, ọ̀gágun Àríwá tó fẹ́ gba Vicksburg, sọdá odò náà sí gúúsù ìlú ọ̀hún.

Ẹ wò ó, ojú irin àti wáyà tẹlígíráàfù ni irú ogun yẹn gbára lé. Ẹṣin kò nílò méjèèjì, òun ló sì lè dé ẹ̀yìn ọ̀tá lọ gé wọn. Mi ò ní kí ẹ fi Grierson ṣe ẹni mímọ́ o: ẹṣin ológun kan ń jẹ nǹkan bí pọ́n-ùn 14 koríko gbígbẹ àti 12 ọkà lójúmọ́, oko olóko ni wọ́n sì ti ń kó o. Ọ̀pọ̀ ẹrú inú oko wọ̀nyẹn tẹ̀ lé e lọ. Ìyẹn dùn mọ́ mi.

Àwọn ọ̀gágun Yúróòpù ni kò gbọ́n. Ní Mars-la-Tour ní ilẹ̀ Faransé, ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ 1870, ọ̀gágun Bredow kó nǹkan bí 800 ẹlẹ́ṣin Prussia, ìjọba Jámánì kan, lu àgbá Faransé. Ó ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan bí ìdajì wọn ló kú, tó fara gbọgbẹ́ tàbí tí ọ̀tá mú. Ṣíṣẹ́ tó ṣiṣẹ́ yẹn gan-an ló bà wọ́n jẹ́, torí òun ni wọ́n ń tọ́ka sí fún ogójì ọdún. Ní Haelen ní Bẹ́ljíọ̀mù, oṣù Kẹjọ 1914, ọ̀kọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹlẹ́ṣin Jámánì, wọ́n sì ń kọ lù léraléra. Àwọn ẹlẹ́ṣin Bẹ́ljíọ̀mù ní tiwọn ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti dojú ìbọn kọ wọ́n. Jámánì ò rí ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ náà.