Ẹ̀jẹ̀ Nǹkan Oṣù Kì í Ṣe Ìdọ̀tí

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi obìnrin pè mí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Àǹtí wa kan ti ní kó lọ yọ ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí wọ́n fi sí i lápá, torí pé oṣù karùn-ún rèé tí kò rí nǹkan oṣù. Wọ́n ní, "Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí yẹn ló ń ṣù jọ sí ẹ níkùn." Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ti sú mi. Mo bọ̀wọ̀ fún Àǹtí, àmọ́ kò sí ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí kankan níbẹ̀.

Ẹ wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ti ń wá. Tí nǹkan oṣù bá ń parí lọ, awọ inú ilé ọmọ á ti fẹ́lẹ́, bíi milimítà 2 sí 4. Lẹ́yìn náà ni ilé ẹyin á máa tú họ́mọ̀nù estrogen sílẹ̀, tí yóò mú kí awọ náà tún hù. Ẹran ara kì í sì í hù láìrí ẹ̀jẹ̀ mu. Nítorí náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ á máa tú èròjà kan síta tí wọ́n ń pè ní VEGF, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ké sí iṣan ẹ̀jẹ̀ pé kó yọ ẹ̀ka wá. Estrogen máa ń mú kí VEGF pọ̀ sí i. Àìtó ọ́síjìn lára awọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya náà ń mú un pọ̀. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ méjì, awọ ọ̀hún lè ti nípọn tó milimítà 8 sí 12, tí àwọn iṣan tuntun tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín á sì ti kún inú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ọpọlọ kọjá náà ló ń gba inú wọn kọjá. Tí oyún ò bá dúró, họ́mọ̀nù progesterone, tó ń mú awọ náà dúró, á wálẹ̀, àwọn iṣan á fún pọ̀, awọ á já. Nǹkan oṣù dé nìyẹn.

Láti ọdún 1940 ni wọ́n ti fojú rí i. Onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Markee, gé díẹ̀ lára awọ inú ilé ọmọ ọ̀bọ, ó sì gbìn ín síwájú ẹyinjú ọ̀bọ náà, níbi tó ti lè máa wò ó látìta. Ó rí i bí àwọn iṣan ṣe ń lọ́, bí wọ́n ṣe ń fún pọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ sì jáde nínú ẹyinjú lásìkò tí ọ̀bọ ń ṣe nǹkan oṣù. Ìdọ̀tí wo ló fẹ́ gba ojú jáde?

Wọ́n á ní ó dúdú, ó ń rùn. Ẹ̀jẹ̀ tó bá pẹ́ kó tó jáde á dúdú, ibi yòówù kó ti wá. Kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ló ń fọ ẹ̀jẹ̀. Kíndìnrín nìkan ń sẹ́ omi ara ẹ̀jẹ̀ tó tó nǹkan bíi lítà 180 lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀jẹ̀ tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń rí lóṣù kò ju nǹkan bíi milílítà 30 sí 40 lọ. Ọkùnrin kì í ṣe nǹkan oṣù, ta ló ń fọ tiwọn?

Èmi náà gba abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí lẹ́yìn àkọ́bí mi, mo sì lo ohun tó ju ọdún kan lọ láìrí nǹkan oṣù. Ẹ̀rù bà mí, mo lọ ya àwòrán ilé ọmọ. Obìnrin tó ń yà á yí ojú ẹ̀rọ sí mi, ó fìka tọ́ ìlà funfun tín-ín-rín kan: "Ẹ wò ó, milimítà 3." Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan tó ṣù síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni kò jẹ́ kí awọ náà nípọn, torí náà kò sí ohun tó fẹ́ ya.

Lóòótọ́, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí iṣẹ́ estrogen àti ti progesterone lórí iṣan ṣe pín síra. Ẹni tí kò lo ìfètò-sọ́mọ-bíbí kankan, tí kò lóyún, tí kò fún ọmọ lọ́mú, tí nǹkan oṣù rẹ̀ sì dáwọ́ dúró kó tó tọ́jọ́, kó lọ rí dókítà: estrogen tí progesterone ò tẹ̀ lé lè mú awọ náà nípọn kọjá ààlà. Ọ̀rọ̀ họ́mọ̀nù nìyẹn.

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún àbúrò mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì fi àwòrán mi àtijọ́ ránṣẹ́ sí i. Ó ní òun ò yọ ọ́ mọ́.