Ẹgbẹ́ mẹ́fà ló pè é

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn mí fún ìgbà díẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ọ́ jáde. Lórí bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, tí wọ́n ń dé akoto gbá. Ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán agbábọ́ọ̀lù kan pé "jọ́nímáànù lásán ni." Ọ̀rọ̀ "lásán" yẹn ló ká mi lára.

Télọ̀ ni bàbá mi l'Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ parí, tó ti ṣe fírídọ́ọ̀mù, àmọ́ tí kò tíì ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, òun là ń pè ní jọ́nímáànù. Bí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, aṣọ á kún ṣọ́ọ̀bù dẹ́nu ọ̀nà, bàbá mi á sì ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọ́n á jókòó sídìí ẹ̀rọ tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n á wo bí ọ̀gá ṣe ń ṣe ọrùn bùbá, wọ́n á sì rán an bíi tirẹ̀ gẹ́lẹ́. Oníbàárà tó wá gbaṣọ kò ní mọ̀ láé pé ọwọ́ ẹlòmíì ló kan aṣọ òun. N ò gbọ́ ọ rí kí bàbá mi pe ọ̀kan nínú wọn ní "lásán."

Nínú bọ́ọ̀lù yìí náà, agbábọ́ọ̀lù tó ń ti ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíì ni wọ́n ń pè ní jọ́nímáànù. Àwọn tó jẹ́ lineman nínú wọn ni mò ń sọ. Nínú mọ́kànlá tó ń gbógun, lineman márùn-ún máa ń tò síwájú quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù: center láàárín, guard kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tackle méjì lẹ́yìn wọn lọ́hùn-ún. Wọ́n á fi ara wọn dínà kí ọ̀tá má baà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù. Yàtọ̀ sí center tó ń ti bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, ẹnì kan lè ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́wàá kó má fọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù mú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òfin ò tiẹ̀ gbà wọ́n láyè láti gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù síwájú, àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ lọ sọ fún rẹfirí. Wọ́n ń ka yáàdì fún ẹni tó ń sáré, wọ́n ń ka ìjù fún quarterback. Ti lineman, bó bá ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa kà. Ọjọ́ tó bá di aṣọ alátakò mú ni rẹfirí á tan ẹ̀rọ gbohùngbohùn, á pe nọ́ḿbà rẹ̀ sétí gbogbo pápá, wọ́n á sì ti ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sẹ́yìn ní yáàdì 10.

Ẹ wá wo Mike Person. Ọmọ Montana ni, yunifásítì Montana State ló sì ti gbá bọ́ọ̀lù. Lọ́dún 2011, nígbà tí àwọn kíláàbù ń yan àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun, San Francisco 49ers mú un ní ìpele keje, ìpele tó kẹ́yìn pátápátá. Kò pé ọdún méjì tí wọ́n fi ní kó máa lọ. Ó lọ sí Indianapolis, ó dé Seattle, ó dé St. Louis, ó dé Atlanta, ó dé Kansas City, ó tún padà sí Indianapolis. Ní Atlanta lọ́dún 2015, center ni wọ́n fi í ṣe, Kyle Shanahan ló sì ń darí ìgbógun wọn. Nígbà tí Shanahan di kóòṣì àgbà ní San Francisco, ó pe Person lọ́dún 2018. Ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ lé e ló padà sí, ó sì di guard ọ̀tún wọn. Lọ́jọ́ kejì oṣù kejì 2020, ní Miami, òun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ Super Bowl LIV, ìdíje àṣekágbá sáà náà. Kansas City tó ti lò ó rí ló wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kansas City fi 31 sí 20 na ẹgbẹ́ Person, ó dùn mí, ṣùgbọ́n ó débẹ̀.

Ẹgbẹ́ mẹ́fà ni Person lò. Ẹlòmíì á ní ìgbà mẹ́fà ni wọ́n kọ̀ ọ́. Èmi rò ó pé kò sí kóòṣì tó ń fẹ́ kí quarterback òun ṣẹ́ léjìká. Bí kóòṣì bá ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan pé kó wá dúró síwájú ẹni tó níye lórí jù nínú ẹgbẹ́, ó ti wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì ti fọkàn tán an. Ẹgbẹ́ mẹ́fà ló fọkàn tán Person.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí iṣẹ́ náà gan-an, torí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn kì í wò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun làwọn agbábọ́ọ̀lù máa ń sinmi, ọjọ́ náà làwọn kíláàbù sì máa ń pe àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ wá dán wò. Ká ní tackle kan farapa lọ́jọ́ Àìkú. Fóònù á dún nílé ẹnì kan lọ́jọ́ Ajé. Ọkùnrin tó wọn kílò 140 á wọ bàálù lálẹ́, á ṣe ìdánwò láàárọ̀, bí wọ́n bá gbà á, á buwọ́ lùwé lọ́sàn-án. Ó ní láti kọ́ èdè ilé náà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Èdè ni mo pè é, torí kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀, center á ti pariwo ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì tó máa sọ fún olúkúlùkù ẹni tó máa kojú, ohun tí wọ́n sì ń pè lórúkọ ẹranko nílùú kan lè máa jẹ́ orúkọ ìlú níbòmíì. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ó lè bá ara rẹ̀ láàárín ọkùnrin méjì tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó mọ̀ wọ́n, kí àwọn márààrún sì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni kan.

Ó tún lè jẹ́ pé apá òsì ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún yìí wá, kí wọ́n ní kó bọ́ sí ọ̀tún. Tackle òsì ń fi ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn, gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ ti bá a mu. Bó bá bọ́ sí ọ̀tún, gbogbo rẹ̀ yí padà. Ẹ rò ó wò: kí wọ́n ní kí télọ̀ tó ti ń fọwọ́ ọ̀tún gé aṣọ fún ọdún mẹ́wàá fọwọ́ òsì gé e láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ọrùn aṣọ má sì wọ́.

Àwọn tó ń ṣòfin eré náà mọ iyì wọn. Nínú àdéhùn ọdún 2020 láàárín àwọn tó ni kíláàbù àti ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, wọ́n fọwọ́ sí i pé kíláàbù lè wọṣọ fún èèyàn 48 lọ́jọ́ ìdíje dípò 46 àtijọ́, bí mẹ́jọ ó kéré tán nínú wọn bá jẹ́ lineman. Márùn-ún ló ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó kù, irú àwọn tí mò ń sọ ló kún ibẹ̀.

Ty Nsekhe ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Kò sí ẹgbẹ́ tó mú un nígbà tó kúrò ní Texas State. Ó lọ gbá bọ́ọ̀lù inú ilé ní Corpus Christi, ní Dallas, ní San Antonio, lórí pápá kékeré tí ògiri yí ká. Lọ́dún 2012, St. Louis Rams fún un láyè. Lẹ́yìn náà ó lo sáà mẹ́rin ní Washington, méjì ní Buffalo, ọ̀kan ní Dallas. Nígbà tó di 2022, Rams ti kó lọ sí Los Angeles, wọ́n ti gba Super Bowl, àwọn lineman wọn sì ń farapa lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pe Nsekhe. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìgbà tó kọ́kọ́ wọ aṣọ wọn, ọmọ ọdún 37, ó tún dúró bíi tackle òsì. Ìdíje 5 péré ni Rams jẹ nínú 17 lọ́dún yẹn. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíì máa sọ: owó ńlá kọ́ ni wọ́n ń gbà? Owó ni, n ò jiyàn. Lọ́dún 2024, ẹni tó kéré jù lórúkọ tó bá wà nínú àwọn 53 tí kíláàbù kan ń kó wọ sáà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gba dọ́là 795,000. Àmọ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń san án, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá sì lé ẹ lọ ni owó ọ̀hún dúró. Ní ìparí oṣù kẹjọ, kíláàbù kọ̀ọ̀kan ń gé èèyàn 90 kù sí 53. Kíláàbù 32 ló wà. Ẹ ṣírò rẹ̀. Àwọn tí wọ́n dá padà sínú ẹgbẹ́ ìdánrawò ń gba dọ́là 12,500 lọ́sẹ̀ lọ́dún 2024, àwọn yòókù ń padà sílé.

Ohun tí mo lòdì sí gan-an nìyí. Ẹni tó bá ti lo sáà mẹ́rin, tó wà nínú ẹgbẹ́ lọ́sẹ̀ kìíní sáà, lè béèrè ìyókù owó sáà náà bí wọ́n bá lé e, ẹ̀ẹ̀kan péré láyé rẹ̀ sì ni. Nítorí ìyẹn, àwọn kíláàbù kan máa ń dúró kí ọ̀sẹ̀ kìíní kọjá kí wọ́n tó pe àgbà lineman. Wọ́n nílò rẹ̀, wọ́n mọ̀ pé àwọn nílò rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n á jẹ́ kó jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n má baà jẹ ẹ́ ní gbèsè. Kò dáa. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀yìn quarterback lé lọ́wọ́, kí wọ́n pè é lásìkò.

Lọ́dún 2015, Minnesota ni mò ń gbé. Mo ń ka orúkọ àwọn tí Minnesota Vikings gbà fún ìdánrawò, mo bá kan Babátúndé Aiyégbùsì. Mo tún un kà. Oleśnica ní Poland ni wọ́n bí i sí, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀. Ó ga ju mítà méjì lọ. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù yìí ní Wrocław, ó gbá a ní Dresden ní Jámánì, kò dé yunifásítì Amẹ́ríkà kankan. Wọ́n yọ ọ́ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ó padà lọ ja ìjàkadì ní WWE, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ yín ti mọ̀ ọ́n. Mo ṣì ń rántí bí orí mi ṣe wú pé orúkọ wa wà nínú ìwé yẹn.

Nígbà tí New York Jets mú Olúmúyìwá Fáṣànù ní ipò kọkànlá lọ́dún 2024, gbogbo yín lẹ gbé àwòrán rẹ̀ káàkiri, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni mélòó ló mọ Káyọ̀dé Awóṣìkà? Ẹnikẹ́ni ò mú un lọ́dún 2021. Philadelphia gbà á, wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀, Detroit Lions mú un. Ní oṣù kìíní 2024, ó ku ìdíje kan kí Lions dé Super Bowl, guard òsì wọn farapa, Awóṣìkà ni wọ́n fi síbẹ̀. Mo wo ìdíje yẹn látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ojú mi ò kúrò lára rẹ̀.

Bí oṣù kẹjọ bá tún dé, tí wọ́n gbé orúkọ àwọn tí wọ́n yọ jáde, apá ti àwọn lineman ni màá kọ́kọ́ ṣí, màá sì kà á dé ìsàlẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ orúkọ wa níbẹ̀, màá gbé e síbí kẹ́ ẹ lè mọ̀ ọ́n.